Ta ló dá òfin àmì ọjà dúró ní Ṣáínà lọ́dún 1904?

Ọmọ_Balógun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan o. Oníbàárà kan dá aṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù wa lánàá, ó ní ayédèrú ni, pé àwòrán etí aṣọ yẹn jọ ti gidi dáadáa ṣùgbọ́n ìgbà tóun fọ̀ ọ́, omi tó dà nù dà bí omi aró. Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń wá jókòó sọ́dọ̀ wa wá ní kí ló ń ya wá lẹ́nu, pé àwọn ará Ṣáínà ti ń jí àmì ọjà ọlọ́jà látayébáyé, pé nígbà tí wọ́n ṣì ní ọba pàápàá, àwọn òyìnbó bẹ̀ wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣòfin sí i, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Èmi ò gbà, àmọ́ mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bá a jà torí mi ò mọ ìtàn yẹn. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ̀?

Ayékòótọ́:
Kí lẹ tún fẹ́ jiyàn lé lórí níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n yẹn ò purọ́. Ẹni tó bá ti rajà rí mọ̀.

Tíṣà_Ìtàn:
Ẹ̀gbọ́n yẹn mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, ìparí ẹ̀ ni ò mọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ló béèrè òfin. Ṣáínà ò kọ̀ o. Wọ́n kọ òfin yẹn, wọ́n kéde ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1904, abala 28 ló ní, wọ́n sì dá ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Ọjọ́ pé, òfin ò bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ àwọn tó ní kó má bẹ̀rẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Faransé, Ítálì àti Austria-Hungary.

Ayékòótọ́:
Ẹ dúró ná. Gẹ̀ẹ́sì tó béèrè òfin yẹn náà ló tún ní kí wọ́n má lò ó? Ẹ ṣàlàyé o, torí ìyẹn ò wọ̀ mí létí.

Tíṣà_Ìtàn:
Ẹ fún mi láyè, ó gùn díẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa ogun àwọn tí wọ́n ń pè ní Boxer, àwọn ọmọ Ṣáínà tó dìde sí àwọn àjèjì, lọ́dún 1900. Nígbà tí ogun yẹn parí, àwọn ìjọba òkèèrè gbé ìwé àdéhùn ka Ṣáínà níwájú ní oṣù kẹsàn-án 1901. Owó ìtanràn tí wọ́n bù lé e lórí tó 450 mílíọ̀nù tael (tael ni ìwọ̀n fàdákà tí wọ́n fi ń ṣírò owó nígbà yẹn). Gbogbo èèyàn ló máa ń rántí owó yẹn. Abala kọkànlá ni wọn kì í rántí, òun ló sì bí ọ̀rọ̀ tá à ń sọ yìí: ibẹ̀ ni Ṣáínà ti gbà pé òun á tún jókòó bá wọn tún àwọn àdéhùn òwò ṣe.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rán Sir James Mackay lọ sí Shanghai nìyẹn. Lü Haihuan àti Sheng Xuanhuai ló ṣojú Ṣáínà, Sheng yìí kì í ṣe ẹran rírọ̀ rárá, òwò ọkọ̀ ojú omi, wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní telegraph, rélùwéè, kò síbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò sí. Ohun tó ká Mackay lára jù kì í ṣe àmì ọjà, owó ibodè likin tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà láti ìlú sí ìlú ni. Àmì ọjà kàn yọ́ wọlé ní abala keje ni. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní 5 oṣù kẹsàn-án 1902. Ohun tí abala yẹn sọ ni pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dáàbò bo àmì ọjà àwọn ará Ṣáínà lọ́wọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kí Ṣáínà náà dáàbò bo ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà, kí wọ́n sì dá ọ́fíìsì sílẹ̀ lábẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tí àwọn àjèjì á ti máa forúkọ àmì wọn sílẹ̀, kí wọ́n san owó tí ò pọ̀ jù. Amẹ́ríkà àti Jàpáàn gba irú ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, 8 oṣù kẹwàá 1903.

Ẹ fi ojú sí ibi tí mo ti ní "lábẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù" yẹn o. Màá padà síbẹ̀.

Màmá_Aláṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o Tíṣà, àmọ́ èmi ò tíì rí ibi tí ìjà wà níbẹ̀ o, wọ́n bèèrè wọ́n fún wọn, kí ló tún kù, àbí wọ́n ní orúkọ ọjà wọn ò jọ ti gidi ni 😂

Lọ́yà_Kékeré:
Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n bá Tíṣà gba apá ibẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ni.

Ní Ṣáínà nígbà yẹn, àjèjì kì í jẹ́jọ́ níwájú adájọ́ Ṣáínà. Látìgbà àdéhùn àwọn ọdún 1840 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́ọ̀tù tiẹ̀ ní Shanghai, ọdún 1865 ni wọ́n dá èyí tó ga jù nínú ẹ̀ sílẹ̀, Faransé ní tiẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́ńsù (aṣojú ìjọba wọn nílùú àjèjì), Jámánì ní tiẹ̀, Jàpáàn náà ní tiẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó o bá fẹ́ pè lẹ́jọ́, kọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè tiẹ̀ lo máa bá a lọ, òfin tiẹ̀ ni wọ́n sì máa fi dá a.

Ó yá, ká ní ẹ jẹ́ oníṣòwò Manchester. Aṣọ yín wà ní Shanghai, ó ní bébà aláwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń pe irú àmì yẹn ní chop níbẹ̀ (chop yìí ò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú oúnjẹ o, Ayékòótọ́ fara balẹ̀). Ọmọ Ṣáínà kan bá ṣe irú ẹ̀: ẹ lọ bá kọ́ńsù yín, kọ́ńsù kọ̀wé sí olórí ìlú, olórí ìlú lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri. Nígbà míì ó ń ṣiṣẹ́. Wàyí o, ká ní ọmọ Jàpáàn ló ṣe irú ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ kọ́ńsù Jàpáàn lẹ máa lọ. Ìbéèrè tí wọ́n á sì kọ́kọ́ bi yín ni pé: ṣé ẹ ti forúkọ àmì yìí sílẹ̀ ní Tokyo? Bí ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Torí òfin Jàpáàn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló ni ín. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi tajà ló ni ín, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wulẹ̀ ń jẹ́rìí sí i ni. Ibi tí wàhálà 1904 ti bẹ́ sílẹ̀ gan-an nìyẹn: òfin tí Ṣáínà kéde, ti Jàpáàn ló jọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kánńtà ló ni àmì.

Màmá_Aláṣọ:
Háà. Ó ti yé mi wàyí o. Ó yé mi yékéyéké. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Orúkọ kan wà tí mo fi ń ta àdìrẹ fún ọdún mọ́kànlá, gbogbo ọjà ló mọ̀ mí mọ́ ọn, àwọn ará Abẹ́òkúta, àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n á ní ẹ fún wa ní ti Màmá báyìí-báyìí. Ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo fún un lóúnjẹ mo fún un níbùsùn, ọjọ́ tó gba fíríìdọ̀mù tán ni kò tó oṣù mẹ́ta tó fi lọ forúkọ yẹn sílẹ̀ ní Àbújá, bí mo ṣe gba lẹ́tà nìyẹn tí wọ́n ní kí n má lo orúkọ mi mọ́ o. Orúkọ tèmi! Ọlọ́run ló yọ mí. Nítorí náà bí àwọn òyìnbó yẹn bá figbe ta, mi ò dá wọn lẹ́bi.

Tíṣà_Ìtàn:
Ẹ pẹ̀lẹ́ Màmá. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti ń tajà ní Ṣáínà fún ọgọ́ta ọdún láì forúkọ àmì kankan sílẹ̀ níbẹ̀, torí kò síbi tí wọ́n ti lè forúkọ ọ́ sílẹ̀. Ọ́fíìsì fẹ́ ṣí ní Shanghai àti Tianjin, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín ìkéde àti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́tà sì ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí Manchester. Àwọn ará Jàpáàn wà nítòsí. Òru kan kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹlòmíì á ti wà lórí ìlà.

Ayékòótọ́:
Ẹ ṣé o. Ìyẹn ni pé Jàpáàn lolè, Ṣáínà sì ni agbódegbà. Mo ti sọ tẹ́lẹ̀.

Tíṣà_Ìtàn:
Bọ̀dá, ẹ máa rọra. Ẹ rántí "lábẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù".

Kọ́sítọ́ọ̀mù ọba Ṣáínà nígbà yẹn, ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Robert Hart ni ọ̀gá ẹ̀, láti 1863. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá abẹ́ ẹ̀. Owó tó ń wọlé sápò ìjọba Ṣáínà láti etíkun, àwọn ló ń ṣírò ẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san gbèsè àwọn òyìnbó. Nítorí náà nígbà tí Mackay ní kí ọ́fíìsì àmì ọjà wà lábẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó mọ ohun tó ń ṣe. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ òfin lóòótọ́, ó sì rọrùn fún àwọn àjèjì tó ti ní ìwé nílé.

Ṣùgbọ́n ní 1903, ìjọba Ṣáínà dá iléeṣẹ́ ìjọba tuntun kan sílẹ̀ fún òwò, Shangbu. Àwọn yìí wo àkọsílẹ̀ yẹn, wọ́n ní rárá, kí ló dé tí àjèjì á máa kọ òfin tí àjèjì á máa fi jẹ́ ọlọ́jà nílẹ̀ wa? Wọ́n gbà á, wọ́n tún un kọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jàpáàn, wọ́n fi ọ́fíìsì àgbà sí ọ̀dọ̀ ara wọn ní Peking (Beijing òde òní), wọ́n wá sọ kọ́sítọ́ọ̀mù Shanghai àti Tianjin di agbàwé lásán. Ìyẹn gan-an ló dun àwọn kan jù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń pariwo, ọ̀rọ̀ ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání wà lábẹ́ ẹ̀.

Lọ́yà_Kékeré:
Mo gbà pẹ̀lú Tíṣà lórí kọ́kọ́rọ́, àmọ́ mi ò gbà pé ariwo lásán ni ti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tiẹ̀ tán.

Tíṣà_Ìtàn:
Ó ní ìdí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni, wọ́n á ní "ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ fún wa ní ọdún kan". Wọ́n béèrè ìyẹn, Ṣáínà sì sún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣojú ìjọba márùn-ún jókòó ní Peking tí wọ́n kọ òfin tiwọn, tí wọ́n gbé e fún Shangbu pé èyí ni kí ẹ kéde. Ẹ fojú inú wò ó. Àlejò wá sílé yín, ó ní ọbẹ̀ yín ò dùn, ẹ ní ó dáa, ó wá wọ kíṣìnì lọ.

Ayékòótọ́:
Hmm. Ti kíṣìnì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Àmọ́ Jàpáàn ńkọ́? Ṣé wọ́n dákẹ́ ni?

Tíṣà_Ìtàn:
Jàpáàn ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kéde ẹ̀. Àwọn márùn-ún ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀. Ṣáínà wà láàárín. Ẹ má gbàgbé pé ọdún 1904 yẹn, Jàpáàn àti Rọ́ṣíà ń ja ogun lórí ilẹ̀ Ṣáínà fúnra ẹ̀, ní Manchuria, Ṣáínà sì ní òun ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ta ni wọ́n fẹ́ bínú? Bí wọ́n ṣe ń sún un nìyẹn, 1905, 1906, òfin ń dúró de ọ̀la. Ìgbà tí ọba fi ṣubú ní 1912, kò tíì lò ó.

Dípò_Guangzhou:
Ẹ káàárọ̀ o, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tiwa ní Ṣáínà níbí. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, nǹkan méjì ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ti "àwọn ará Ṣáínà ò mọ àmì ọjà títí òyìnbó fi dé" tó máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo lọ sí ilé àkójọ ìṣẹ̀ǹbáyé ní Beijing lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní abala bàbà kan níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, láti ayé ọba Song, ìyẹn kí Columbus tó wọ ọkọ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà, idílé Liu ní ìlú Jinan. Wọ́n ya ehoro sí àárín, ó di ọmọ odó mú, ó ń gún nǹkan. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì pé kí ẹ dá wa mọ̀ nípa ehoro funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti wá ń polówó: irin tó dáa la fi ṣe é, ẹni tó bá rà á láti tún tà, a ó ṣe é dáadáa fún un. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó dà bíi pé mo wà ní Dùgbẹ̀ 😅. Òkúta kan sì wà láti Songjiang, nítòsí Shanghai, tí ìjọba gbẹ́ ìkìlọ̀ sí lára ní 1659 pé ẹni tó bá fi orúkọ alaṣọ mìíràn ta aṣọ, wọ́n á mú un.

Èkejì, ti chop yẹn. Àwọn tó ń rajà ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àwòrán ni wọ́n ń wò. Ilé iṣẹ́ British American Tobacco ní sìgá kan tó ń jẹ́ Pirate, wọ́n ya ọlọ́ṣà ojú omi tó mú idà dání sí orí páálí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní Pirate níbí o. Lao Dao ni wọ́n ń pè é, Ọ̀bẹ Àtijọ́, torí idà yẹn ni wọ́n rí. Ẹ wá rò ó wò, ta ni yóò forúkọ "Ọ̀bẹ Àtijọ́" sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ará ọjà ló sọ ọ́ lórúkọ?

Màmá_Aláṣọ:
Ìwọ ọmọ yìí, o ṣé gan-an. Bá a ṣe ń pe aṣọ náà nìyẹn, aṣọ ò ní dé tán kí wọ́n tó fún un ní orúkọ, ẹni tó ṣe é lókè òkun kò mọ̀ pé aṣọ òun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyá mi máa ń tọ́jú bébà aláwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ Manchester, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ẹ̀. Manchester kan náà tí wọ́n ń sọ yẹn ni àbí?

Tíṣà_Ìtàn:
Manchester kan náà, Màmá. Èkó ń gba tiẹ̀, Shanghai ń gba tiẹ̀.

Ọmọ_Balógun:
Ẹ ṣé gbogbo yín, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù mí kù. Bí òfin ò bá bẹ̀rẹ̀, ọdún mélòó ni àwọn òyìnbó yẹn fi wà láì ní ààbò? Àbí wọ́n wá ọgbọ́n míì dá?

Lọ́yà_Kékeré:
Wọ́n dá ọgbọ́n o, èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí rèé. Wọ́n lọ bá ara wọn ṣàdéhùn. Láti 1905, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé síra wọn pé bí ọmọ tèmi bá jí àmì ọmọ tìẹ ní Ṣáínà, kọ́ńsù mi á fìyà jẹ ẹ́. Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú Jámánì, pẹ̀lú Faransé àti àwọn mìíràn. Pẹ̀lú Jàpáàn, ó dọdún 1908, 19 oṣù karùn-ún, Washington ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ kà á dáadáa: àdéhùn lórí ọjà tí wọ́n ń tà ní Ṣáínà, wọ́n ṣe é ní Washington, Ṣáínà ò sí nínú ilé.

Ayékòótọ́:
Ó dáa, mo gba ibẹ̀. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ pé kò sí ayédèrú rárá lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn.

Dípò_Guangzhou:
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó pọ̀. Sísọ́ọ̀sì Zhang Xiaoquan ní Hangzhou, wọ́n jí orúkọ yẹn débi pé ojú pópó kan náà ni ẹ ti máa rí "Zhang Xiaoquan Àgbà", "Zhang Xiaoquan Gidi", gbogbo wọn ń gégùn-ún pé àwọn lógidi. Ọmọ Ṣáínà ló ń jí ti ọmọ Ṣáínà níbẹ̀. Bí ayédèrú ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn jàre, òkúta 1659 yẹn kọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìgbádùn.

Ọmọ_Balógun:
Àwọn tó ti sáré lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1904 ńkọ́? Owó wọn wọgbó?

Tíṣà_Ìtàn:
Kọ́sítọ́ọ̀mù Shanghai àti Tianjin ń gba ìwé wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún lórí ọdún. Ìwé ń pọ̀ nínú àpótí, kò lágbára òfin kan tó dá dúró, ẹ̀rí pé ẹnì kan ti mú àmì yẹn wá lọ́jọ́ báyìí ni. Oṣù karùn-ún 1923 ni Ṣáínà tó ní òfin àmì ọjà tó ń ṣiṣẹ́, ọba ti lọ fún ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn. Àmì tó gba nọ́ńbà kìíní, ti ìyẹ̀fun àlìkámà ni, ti ìdílé Rong ní Wuxi, orúkọ ẹ̀ ni Ọkọ̀ Ogun. Ti kọ́ọ̀tù kọ́ńsù tí Lọ́yà sọ, ó tún di 1943 kí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó fi sílẹ̀.

Màmá_Aláṣọ:
Ọkọ̀ ogun lórí àpò ìyẹ̀fun? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọkọ̀ ogun ti fojú wọn rí?

Tíṣà_Ìtàn:
Bẹ́ẹ̀ ni Màmá 😂 Ó sì tà.

Ọmọ_Balógun:
Ẹ máa gbọ́ àbọ̀. Ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án yìí, mo gbé fóònù fún un, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ awò ojú, ó ní ó dáa, Gẹ̀ẹ́sì ló dá òfin dúró, òun gbà, ṣùgbọ́n aṣọ tó ń ṣomi aró lánàá ńkọ́, ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà ló pa á láró? Mi ò ní èsì. Mo ti dá owó oníbàárà yẹn padà, aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi ṣe ìnulẹ̀ kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.